Bí A Ṣe Ń Ya Àwòrán Eré Ìje Kẹ̀kẹ́ Nínú Ilé

Ọ̀rọ̀ tí mo mú tọ̀ yín wá lónìí jẹ mọ́ iṣẹ́ àwọn ayàwòrán, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn tí ń ya ọkọ àti ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó ni mo ń bá wí. Bí ẹ bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán ní ìlú yín, yóò fún yín ní àga, yóò bá yín tún ọrùn aṣọ ṣe, yóò sì wí pé, "Ẹ dúró jẹ́ẹ́, ẹ má mira." Ẹ óò dúró jẹ́ẹ́, òun náà yóò sì fara balẹ̀ ya yín. Èyí dára. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí a fẹ́ yà bá wà lórí kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Bí kẹ̀kẹ́ náà kò bá ní bíréèkì, tí ó ń sáré ju ọkọ̀ tí ń gba àárín ìgboro kọjá lọ, tí inú ilé tí ó ti ń sáré kò sì mọ́lẹ̀ tó ìta gbangba, ta ni yóò sọ fún un pé kí ó dúró jẹ́ẹ́? Iṣẹ́ àwọn tí ń ya àwòrán eré ìje kẹ̀kẹ́ nínú ilé nìyẹn, òun ni mo sì fẹ́ là yé yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí eré náà ti ń wáyé. Ní ìhà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ní àdúgbò Stratford, ilé ńlá kan wà tí a ń pè ní Lee Valley VeloPark. Ọdún 2011 ni wọ́n parí rẹ̀, nítorí eré Òlíḿpíìkì tí wọ́n ṣe ní ìlú náà ní ọdún 2012. Nígbà Òlíḿpíìkì náà, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ènìyàn ni ó lè jókòó wòran nínú rẹ̀. Pákó ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà eré inú rẹ̀, igi páìnì tí wọ́n gbé wá láti Siberia. Bí ènìyàn bá yí ọ̀nà náà ká lẹ́ẹ̀kan, mítà 250 ni ó rìn.

Ohun tí yóò kọ́kọ́ ya àlejò lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ọ̀nà náà kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Níbi tí ó gbé tọ́, díẹ̀ ni ó fì sí ẹ̀gbẹ́, ìwọ̀n digirí 12. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dé kọ̀rọ̀, ńṣe ni ó ga sókè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí òrùlé, tí ó fi tó digirí 42. Ẹni tí ó bá gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ gùn ún yóò fi ọwọ́ tilẹ̀. Kí ni ìdí rẹ̀ tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀? Ohunkóhun tí ó bá ń sáré, tààrà ni ó ń fẹ́ lọ. Kí ó tó lè yí kọ̀rọ̀, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tì í sí ìhà inú. Bí ilẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ tí eré sì pọ̀ jù, táyà yóò yọ̀, ẹni tí ó gùn ún yóò sì ṣubú. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ẹ̀gbẹ́ ìta sókè, ọ̀nà fúnra rẹ̀ ni yóò máa ti kẹ̀kẹ́ sí inú, olùdíje yóò sì lè yí kọ̀rọ̀ láìdín eré kù.

Wọ́n fa ìlà sí ara ọ̀nà náà. Ìlà dúdú wà nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn mítà 250 tí mo wí. Ìlà pupa tẹ̀ lé e, ìlà búlúù sì wà lókè rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, etí ọ̀nà ní àwọ̀ bí ojú ọ̀run, kì í sì í ṣe ibi tí a ti ń díje. Ẹ fi àwọn ìlà wọ̀nyí sọ́kàn, nítorí wọn yóò wúlò fún ayàwòrán láìpẹ́. Ẹ sì tún rántí pé ìhà kan náà ni gbogbo wọn ń sáré sí. Àárín pápá a máa wà ní ọwọ́ òsì olùdíje nígbà gbogbo.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a wo kẹ̀kẹ́ náà. Kò rí bí kẹ̀kẹ́ ológeere tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ sí oko. Kò ní bíréèkì. Bẹ́ẹ̀ ni pẹ́dálì rẹ̀ kì í dúró nígbà tí táyà ẹ̀yìn bá ń yí. Bí táyà bá ṣe ń yí ni ẹsẹ̀ ẹni tí ó gùn ún gbọ́dọ̀ máa yí. Bí ó bá fẹ́ rọra, ẹsẹ̀ ni yóò fi dí i díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ó gba òkè ọ̀nà lọ kí òkè náà bá a dín eré kù. Èyí jásí pé bí ohun kan bá dédé yọ níwájú rẹ̀, kò lè dúró lójijì. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ayàwòrán kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ àwòrán nìkan. Ayàwòrán tí kò bá ṣọ́ra lè ṣe ẹlòmíràn léṣe.

Nítorí náà, kí a tó sọ̀rọ̀ nípa bí àwòrán ṣe ń dára, ẹ gbọ́ òfin mẹ́ta yìí. Èkíní, ẹ má ṣe tan fíláàṣì. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rìn lóru mọ bí iná ọkọ̀ ṣe máa ń fọ́ni lójú, tí ènìyàn kò fi ní rí ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀. Bí iná fíláàṣì bá kọ mànà lójú ẹni tí ń sáré lórí ọ̀nà tí ó fì bí òrùlé, tí táyà ẹlòmíràn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tirẹ̀, ẹ ro ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀. Àwọn tí ń ṣètò eré kì í sábà gba fíláàṣì láyè rárá.

Èkejì, ohunkóhun tí ẹ bá mú lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ já bọ́. Ìdérí ojú kámẹ́rà kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ sórí pákó tí táyà tín-ín-rín sì gùn ún, àárọ̀ ọjọ́ náà lè di ẹkún. Ẹ so kámẹ́rà mọ́ ọrùn, kí ẹ sì ti àpò yín pa. Ẹ̀kẹta, ẹ dúró sí ibi tí wọ́n bá ní kí ẹ dúró sí. Ayàwòrán tí ó gba ìwé àṣẹ lè dúró ní àárín pápá. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ sábà máa ń wà tí a ń gbà dé àárín láìfi ẹsẹ̀ kan ọ̀nà eré. Ẹni tí kò gba àṣẹ, ibi tí àwọn òǹwòran jókòó sí ni ààyè tirẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí; ayàwòrán náà kò gbọdọ̀ gbé gbogbo ojú rẹ̀ fún kámẹ́rà kí ó gbàgbé ẹ̀yìn rẹ̀.

Bí a bá ti gba òfin wọ̀nyí, ìṣòro tí ó kàn ni ìmọ́lẹ̀. Ojú wa a máa tàn wá jẹ. Bí a bá wọ ilé eré tí iná mọ̀nàmọ́ná tàn káàkiri, a óò rò pé ibẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán. Kò rí bẹ́ẹ̀ lójú kámẹ́rà. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ọ̀sán fi ọ̀pọ̀ ìlọ́po ju ìmọ́lẹ̀ inú ilé lọ. Ojú wa ni ó ń tètè fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì tí a kò fi ń mọ̀ ọ́n. Kámẹ́rà kò lè tan ara rẹ̀ jẹ. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, àwòrán yóò dúdú.

Kámẹ́rà dà bí ojú ènìyàn. Ó ní ohun kan bí ìpéǹpéjú, tí ń ṣí tí ó sì ń pa dé nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnì. Ó ní ihò kan bí ọmọlójú, tí a lè mú kí ó fẹ̀ tàbí kí ó kéré. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí wà: nígbà kan rí fíìmù ni, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà òde òní, awẹ́ pẹlẹbẹ kan tí ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná mọ̀nàmọ́ná ni. A lè pàṣẹ fún un pé kí ó tètè gba ìmọ́lẹ̀ tàbí kí ó rọra gbà á. Nọ́ńbà tí a fi ń pa àṣẹ yìí ni a ń pè ní ISO.

Ẹ jẹ́ kí a fi omi ẹ̀rọ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ fẹ́ pọn omi kún korobá kan. Bí ẹ bá ṣí ẹnu ẹ̀rọ gbàrà, korobá yóò tètè kún. Bí ẹ bá ṣí i díẹ̀, yóò pẹ́. Ẹnu ẹ̀rọ ni ọmọlójú kámẹ́rà. Àkókò tí ẹ fi jẹ́ kí omi máa dà ni ìpéǹpéjú kámẹ́rà. Bí ẹnu ẹ̀rọ bá ti fẹ̀ dé òpin, tí ẹ kò sì ní àkókò láti dúró, kí ni ẹ óò ṣe? Ẹ óò gbé korobá ńlá kúrò, ẹ óò sì gbé ife kékeré síbẹ̀. Ife yóò kún lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ kò pọ̀. Ohun tí gbígbé nọ́ńbà ISO sókè túmọ̀ sí nìyẹn. Àwòrán yóò mọ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò ní kóró-kóró lára, bí ẹni pé wọ́n bu yanrìn díẹ̀ sí i. Kò sí ohun tí a ń gbà tí a kì í san nǹkan lé lórí.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú pẹ́ńsù yín, kí a jọ ṣe ìṣirò díẹ̀. Ní Òlíḿpíìkì ọdún 2024 ní ilẹ̀ Faransé, ọmọ ilẹ̀ Netherlands kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Harrie Lavreysen sá mítà 200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 9.088. Kò sí ẹni tí ó tí ì sá a kíá tó bẹ́ẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà. Bí a bá fi 9.088 pín 200, a óò rí i pé mítà 22 ni ó ń rìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní wákàtí kan, èyí fi díẹ̀ lé ní kìlómítà 79.

Ó dára. Bí ìpéǹpéjú kámẹ́rà bá ṣí fún 1/60 ìṣẹ́jú àáyá péré, báwo ni kẹ̀kẹ́ náà yóò ti rìn jìnnà tó kí ó tó pa dé? Ẹ fi 60 pín mítà 22. Ẹ óò rí nǹkan bí sẹ́ńtímítà 37. Èyí ju rúlà tí ẹ fi ń fa ìlà nínú ìwé yín lọ. Àwòrán irú bẹ́ẹ̀ yóò dà bí ẹni pé ẹnì kan fi ọwọ́ nu ọ̀dà tútù. Bí ó bá jẹ́ 1/500, sẹ́ńtímítà 4 ó lé díẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ yóò rìn. Bí ó bá jẹ́ 1/1000, yóò rìn sẹ́ńtímítà 2 ó lé díẹ̀. Ní 1/2000, kò ju sẹ́ńtímítà 1 ó lé díẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ojú olùdíje, òógùn ara rẹ̀, àti nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ hàn kedere kì í sábà lo ohun tí ó lọ́ra ju 1/1000 lọ.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí a bá dín àkókò náà kù sí ìdajì, ìdajì ìmọ́lẹ̀ ni a pàdánù. Láti 1/500 bọ́ sí 1/1000, ìmọ́lẹ̀ di ìdajì. Kí a tó lè rí i dá padà, a ní láti ṣí ọmọlójú kámẹ́rà sí i, tàbí kí a gbé ISO sókè ní ìlọ́po méjì. Ìdí nìyí tí ẹ óò fi rí àwọn ayàwòrán eré pẹ̀lú dígí kámẹ́rà ńláńlá bí apá ọmọdé. Kì í ṣe láti fi yangàn. Dígí tí ọmọlójú rẹ̀ fẹ̀ dáadáa ni wọ́n ń wá, irú èyí tí a kọ f/2.8 sí lára. Nínú kíkà yìí, bí nọ́ńbà bá ṣe kéré sí ni ihò fẹ̀ sí. Ẹni tí ó bá wọ ilé eré kẹ̀kẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú f/2.8, 1/1000, àti ISO 3200, kí ó ya ẹyọ kan, kí ó wò ó, kí ó sì tún un ṣe bí ó bá ti yẹ.

Ẹnì kan lè béèrè pé, "Ṣé ìgbà gbogbo ni a gbọ́dọ̀ mú kẹ̀kẹ́ dúró gbagidi nínú àwòrán?" Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni. Bí ohun gbogbo bá dúró gbagidi, títí kan wáyà táyà, kẹ̀kẹ́ tí ń sáré yóò dà bí èyí tí wọ́n gbé síbẹ̀ fún títà. Eré rẹ̀ kò ní hàn. Nítorí náà ni àwọn àgbà ayàwòrán fi ní ọ̀nà kejì. Wọn yóò jẹ́ kí ìpéǹpéjú kámẹ́rà pẹ́, bí 1/60 tàbí 1/30, ṣùgbọ́n wọn yóò máa yí kámẹ́rà tẹ̀ lé olùdíje bí ó ti ń kọjá. Níwọ̀n ìgbà tí kámẹ́rà bá ń bá a rìn ní ìwọ̀n kan náà, ojú kan náà ni olùdíje ń wà nínú àwòrán, òun yóò sì hàn kedere. Àwọn òǹwòran àti pákó ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò fà gùn bí ìlà aláràbarà. Ẹni tí ó bá wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ariwo táyà lórí pákó.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. Ẹ ya ẹsẹ̀ yín díẹ̀, kí ẹ kọ ojú ẹsẹ̀ sí ibi tí ẹ fẹ́ yà á sí, kì í ṣe ibi tí ó ti ń bọ̀. Ẹ fún ìgúnpá yín mọ́ ìhà. Láti ìbàdí ni kí ẹ ti yí ara padà láti pàdé olùdíje lókèèrè. Ẹ mú un sínú kámẹ́rà, kí ẹ sì máa bá a bọ̀. Nígbà tí ó bá dé iwájú yín, ẹ rọra tẹ bọ́tìnì, ẹ má sì ṣe dúró. Ẹ máa yí lọ títí yóò fi kọjá. Ohun tí ń ba àwòrán jẹ́ jù ni pé bí ènìyàn bá ti tẹ bọ́tìnì tán, á dá ọwọ́ dúró. Ẹni tí ó bá ya ogún tí ó rí ẹyọ kan tí ó dára nínú rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ó yọ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Ibi tí a dúró sí náà ṣe pàtàkì. Bí olùdíje bá ń gba iwájú yín kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, ibẹ̀ ni eré rẹ̀ ti ń hàn jù. Bí ó bá ń bọ̀ tààrà sí yín, kì í fi bẹ́ẹ̀ sún láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ nínú àwòrán, ojú rẹ̀ a sì hàn dáadáa, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ni jíjìnnà rẹ̀ sí yín ń yí padà, ó sì ṣòro fún dígí kámẹ́rà láti bá a dọ́gba. Ọgbọ́n àtijọ́ kan wà fún èyí. Ẹ yan ibì kan lójú ọ̀nà tí ẹ mọ̀ pé yóò gbà kọjá. Àwọn ìlà pupa àti dúdú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yóò ràn yín lọ́wọ́. Ẹ tún dígí ṣe kí ibẹ̀ hàn kedere, ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ wá dúró dè é bí ọdẹ ti ń dúró dè ẹran lójú ipa. Bí táyà iwájú bá ti fẹ́ kan ibẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnì. Ọwọ́ kì í yá tó ojú, nítorí náà ẹ tẹ̀ ẹ́ ṣáájú díẹ̀.

Òhun tí ó tún yẹ kí ayàwòrán mọ̀ ni eré fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tí kò mọ ìlù kò lè mọ ìgbà tí oníjó yóò fẹsẹ̀ lélẹ̀. Nínú eré tí a ń pè ní sprint, ẹni méjì ni ó ń díje. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí wọ́n ń wo ara wọn lójú bí ológbò méjì, tí ẹnì kan tilẹ̀ dúró lórí kẹ̀kẹ́ láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ ṣíwájú, nítorí ẹni tí ó wà lẹ́yìn ni ẹni iwájú ń bá gba atẹ́gùn. Ojú wọn ni kí ẹ yà nígbà yìí. Nígbà tí ẹnì kan bá já gbà, kò ní sí àyè láti tún nọ́ńbà kámẹ́rà ṣe mọ́.

Eré keirin bẹ̀rẹ̀ ní Japan ní ọdún 1948. Kẹ̀kẹ́ kan tí ó ní ẹ́ńjìnnì ni ó ń ṣíwájú wọn, tí ó ń mú eré pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó bá yà kúrò lọ́nà, gbogbo wọn á tú jáde. Ìgbà tí ó yà kúrò yìí ni kí ẹ ti múra sílẹ̀. Nínú eré ìlépa oníkẹ̀kẹ́ mẹ́rin, mítà 4,000 ni wọ́n ń sá, tí wọ́n tò tẹ̀ léra wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn kan; èyí ni ó dára jù fún yíyí kámẹ́rà tẹ̀ lé wọn. Madison ní tirẹ̀ gba orúkọ láti ara Madison Square Garden ní New York. Ẹni méjì ni ó ń ran ara wọn lọ́wọ́. Bí ó bá rẹ ọ̀kan, yóò na ọwọ́ sí ìkejì, yóò sì fi agbára fì í síwájú wọ inú eré. Ọwọ́ méjì tí ó so pọ̀ lórí eré yẹn jẹ́ ọ̀kan nínú àwòrán tí ó dára jù lọ nínú ilé eré kẹ̀kẹ́.

Ẹ má sì ṣe ká kámẹ́rà kò nígbà tí eré bá parí. Lẹ́yìn ìlà ìparí, olùdíje kò lè dúró lójú ẹsẹ̀, nítorí kò ní bíréèkì. Yóò tún yí ọ̀nà náà ká lẹ́ẹ̀kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà náà ni ayọ̀ àti ìbànújẹ́ ń hàn. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2012, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba wúrà méje nínú mẹ́wàá tí ó wà fún eré kẹ̀kẹ́ inú ilé, Chris Hoy sì gba ti keirin. Ojú ẹni tí ó borí a máa dùn ún yà, ṣùgbọ́n ojú ẹni tí ó pàdánù náà ní ìtàn tí ó ń sọ. Bí ẹnì kan bá ṣubú, ẹ kọ́kọ́ yẹra fún àwọn oníṣègùn. Àwòrán kan kò níye lórí tó pé kí ẹ dí ọ̀nà ẹni tí ó fẹ́ gba ẹ̀mí là.

Ìṣòro kékeré méjì kù. Iná mọ̀nàmọ́ná ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Nàìjíríà ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí èyí, àwọn gílóòbù kan máa ń mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì ń ṣú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú wa kò rí i, ṣùgbọ́n kámẹ́rà tí ó ṣí fún 1/1000 lè bọ́ sí ìgbà tí ó ṣú. Nítorí náà ni àwòrán kan ṣe lè mọ́lẹ̀ tí èkejì rẹ̀ yóò sì dúdú, bẹ́ẹ̀ ni a kò yí ohunkóhun padà. Ẹ ya ju ẹyọ kan lọ. Èkejì ni ooru. Ní Òlíḿpíìkì Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n mú kí inú ilé náà gbóná tó digirí 28, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, kì í sì í dí olùdíje lọ́wọ́ tó ti tútù. Ẹni tí ó bá gbé kámẹ́rà tútù láti ìta wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé ìrì bo ojú dígí. Kí ó tètè dé, kí ó sì jẹ́ kí kámẹ́rà móoru nínú àpò kí ó tó yọ ọ́.

Ó kù kí n sọ̀rọ̀ nípa kámẹ́rà kan tí ó yàtọ̀ sí gbogbo ìyókù. Bí ẹni méjì bá dé ìlà ìparí lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni yóò sọ ẹni tí ó borí? Ẹ má ṣe gbé àwòrán tiyín lọ bá onídàájọ́. Bí ẹ kò bá dúró ní ọ̀gangan ìlà náà gan-an, ẹni tí ó sún mọ́ yín lè dà bí ẹni iwájú, kí ó má sì rí bẹ́ẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń lo kámẹ́rà ìparí eré. Irú rẹ̀ ti wà ní Òlíḿpíìkì Lọ́ńdọ̀nù ti ọdún 1948. Kámẹ́rà yìí kì í wo ibi púpọ̀. Ìlà ìparí nìkan, tín-ín-rín bí fọ́nrán òwú, ni ó tẹjú mọ́, ó sì ń yà á léraléra. Èyí tí wọ́n lò ní ọdún 2024 lè ya 40,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọn a wá to àwọn fọ́nrán wọ̀nyí síra bí aṣọ-òkè ti ń to òwú síra títí yóò fi di aṣọ. Nínú àwòrán bẹ́ẹ̀, láti ọ̀tún dé òsì kì í ṣe ibi, ìgbà ni. Ẹni tí táyà rẹ̀ kọ́kọ́ farahàn ni ó kọ́kọ́ dé, kò sí àríyànjiyàn. Bí táyà bá sì gùn bí ẹyin nínú rẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ó ti bàjẹ́. Eré rẹ̀ ni kò bá ti kámẹ́rà dọ́gba.

Ẹ lè wí pé, "Kí ni èyí kàn wá sí ní ilẹ̀ tiwa?" Ó kàn wá. Nàìjíríà kọ́ pápá eré kẹ̀kẹ́ sínú ọgbà pápá ìṣeré ńlá ní Àbújá nítorí eré gbogbo Áfíríkà ọdún 2003. Ní ọdún 2024, Ese Ukpeseraye, ọmọbìnrin Nàìjíríà, díje nínú keirin àti sprint ní Òlíḿpíìkì. Wọn kò tètè mọ̀ pé yóò wà nínú eré náà, nítorí náà kò sí kẹ̀kẹ́ fún un; ọ̀dọ̀ àwọn ará Jámánì ni ó ti yá èyí tí ó gùn. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò tí ì wọ ilé eré kẹ̀kẹ́ rí. Bí a bá ka irú ìtàn yìí nínú ìwé, a óò mi orí. Ṣùgbọ́n ìròyìn kò tó àfojúbà. Ọmọdé tí ó bá rí àwòrán ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ lórí ọ̀nà pákó yẹn, tí orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń yí, ni yóò mọ̀ pé ẹni bíi tòun lè dé ibẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo ni olùdíje ń gba iwájú wa kọjá. Bí kò bá sí ẹni tí ó yà á dáadáa, ìgbà yẹn ti lọ, kò sì ṣe é pè padà.

Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹ kò nílò kámẹ́rà olówó ńlá. Ti inú fóònù pàápàá tó láti fi kọ́ ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín gun kẹ̀kẹ́ nínú pápá ilé-ìwé, kì í ṣe lójú ọ̀nà ọkọ̀. Ẹ yà á nígbà tí ó bá ń bọ̀, ẹ yà á nígbà tí ó bá ń kọjá, kí ẹ sì máa yí tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ àwọn àwòrán náà síwájú, kí ẹ bi ara yín pé: ìwọ̀n eré rẹ̀ hàn bí? Ojú rẹ̀ hàn bí? Kí ni mo lè ṣe kí èyí tí ń bọ̀ dára ju èyí lọ? Ẹni tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí lórí kẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti múra sílẹ̀ de ilé eré ńlá. Ó dàbọ̀ o.